Josephus: Àlùfáà Tí Kò Bá Tẹ́ńpìlì Kú

Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ọdún 37 lẹ́yìn ìbí Jésù, a bí ọmọkùnrin kan ní ìlú Jerúsálẹ́mù, ní ilẹ̀ àwọn Júù. Mátíásì ni orúkọ bàbá rẹ̀. Àlùfáà ni Mátíásì. Àlùfáà ni àwọn bàbá ńlá rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti wá sáyé ni ó ti di àlùfáà. Jósẹ́fù ni wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó jẹ́ ní Róòmù, Flavius Josephus, ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n.

Ọkùnrin yìí rí ohun tí àlùfáà Júù kankan kò fẹ́ kí ojú òun rí. Ó wà láàyè ní ọjọ́ tí iná jó tẹ́ńpìlì Ọlọ́run ní Jerúsálẹ́mù. Ọ̀pọ̀ àlùfáà ni ó bá tẹ́ńpìlì náà lọ. Òun kò bá a lọ. Ìtàn ayé rẹ̀ ni ìtàn ẹni tí a bí sí ipò kan, tí ibi iṣẹ́ ipò náà sì parẹ́ lójú rẹ̀.

Oyè ìdílé Áárónì

Ẹni tí yóò bá mọ Josephus gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí àlùfáà jẹ́ láàrin àwọn Júù. Ìwé òfin Mósè sọ pé Ọlọ́run yan Áárónì, ẹ̀gbọ́n Mósè, láti máa rúbọ níwájú Òun. Inú ẹ̀yà Léfì ni Áárónì ti wá. Láti ìgbà náà, oyè yìí kò kúrò ní ìdílé rẹ̀. Bí bàbá bá jẹ́ àlùfáà, ọmọkùnrin rẹ̀ jẹ́ àlùfáà. Bí bàbá kò bá jẹ́ àlùfáà, kò sí ọ̀nà tí ọmọ lè gbà dé ibẹ̀. Owó kò lè rà á, ìwé kíkà kò sì lè fi í fúnni. Ọba pàápàá kò lè fi ipá gbà á. Ìwé Mímọ́ sọ ìtàn Ùsáyà ọba, tí ó wọ inú tẹ́ńpìlì lọ láti sun tùràrí bí àlùfáà. Ibẹ̀ ni ẹ̀tẹ̀ ti yọ sí i níwájú orí, adẹ́tẹ̀ ni ó sì jẹ́ títí ó fi kú.

Iṣẹ́ àlùfáà pọ̀. Òun ni ó ń rúbọ lórí pẹpẹ, tí ó ń sun tùràrí, tí ó sì ń tọ́jú fìtílà. Òun ni ó ń gbé ọwọ́ sókè láti súre fún àwọn ènìyàn. Òun ni ó ń yẹ ara ẹni tí a fura sí pé ó ní ẹ̀tẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ fún àwọn ẹ̀yà, wọn kò pín ilẹ̀ fún àwọn àlùfáà. Nínú ẹbọ, nínú àkọ́so oko àti nínú ìdámẹ́wàá ni wọ́n ti ń jẹun.

Èèwọ̀ wọn pọ̀ pẹ̀lú. Àlùfáà kò gbọdọ̀ sún mọ́ òkú, àfi òkú àwọn ẹbí rẹ̀ tímọ́tímọ́. Kò gbọdọ̀ fẹ́ aṣẹ́wó, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fẹ́ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kọ̀ sílẹ̀. Àlùfáà tí ó bá ní àbùkù ara, bí afọ́jú tàbí arọ, kì í rúbọ. Ṣùgbọ́n wọn kì í lé e kúrò nínú ìdílé. Ó ń jẹ nínú oúnjẹ mímọ́ bí àwọn arákùnrin rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di àlùfáà, àbùkù ara kò sì lè mú ẹ̀jẹ̀ náà kúrò.

Nígbà tí àwọn àlùfáà di púpọ̀, wọ́n pín wọn sí ìpín 24. Ìpín kọ̀ọ̀kan ń sìn ní tẹ́ńpìlì láti ọjọ́ ìsinmi kan dé òmíràn, kí ìpín tí ó tẹ̀lé e tó gba ipò rẹ̀. Ìpín kìíní nínú gbogbo wọn ni ìdílé Josephus wà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tún kan ìdílé àwọn Hasmonea, àwọn tí wọ́n ti jẹ́ olórí àlùfáà, tí wọ́n sì ti ṣe àkóso ilẹ̀ àwọn Júù.

Ìwé ìran

Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, àwọn àlùfáà ń ṣọ́ ìgbéyàwó wọn bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin. Josephus fúnra rẹ̀ ni ó ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ṣe é. Àlùfáà tí ó bá fẹ́ gbé ìyàwó gbọ́dọ̀ wádìí ìran obìnrin náà nínú ìwé tí wọ́n ń tọ́jú, kí ó sì mú ẹlẹ́rìí púpọ̀ wá. Kì í ṣe ní Jerúsálẹ́mù nìkan ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àlùfáà tí ń gbé ní Íjíbítì, ní Bábílónì àti ní ibòmíràn ń kọ orúkọ ìyàwó, ti bàbá rẹ̀ àti ti àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ránṣẹ́ sí Jerúsálẹ́mù.

Bí ogun bá jà, àwọn àlùfáà tí ó ṣẹ́kù a tún ìwé ìran kọ láti inú ìwé àtijọ́. Lẹ́yìn náà, wọn a yẹ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tí ogun kò pa wò. Èyí tí ogun bá ti kó nínú wọn, àlùfáà kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹ. Ìdí ni pé kò sí ẹni tí ó lè jẹ́rìí sí ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun. Ẹ̀bi obìnrin náà kọ́. Síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òfin wí.

Ìtàn kan tí Josephus kọ fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó. Ní nǹkan bí igba ọdún ṣáájú ìgbà tirẹ̀, Hyrcanus jẹ́ olórí àlùfáà àti alákòóso ilẹ̀ náà. Ó se àsè fún àwọn Farisí. Níbi àsè náà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Eleazar dìde. Ó ní kí Hyrcanus fi oyè olórí àlùfáà sílẹ̀, nítorí àwọn àgbà sọ pé ogun ti kó ìyá rẹ̀ rí. Josephus kọ ọ́ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ti tó láti ba àsè jẹ́, ó sì tó láti sọ Hyrcanus di ọ̀tá àwọn Farisí. Ọ̀rọ̀ obìnrin tí ogun kó yìí ṣe pàtàkì, nítorí yóò dé bá Josephus náà.

Ìgbà èwe àti ìrìn àjò sí Róòmù

Josephus kọ ọ́ pé nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún 14, àwọn olórí àlùfáà ń wá béèrè ọ̀rọ̀ òfin lọ́wọ́ òun. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 16, ó fẹ́ mọ gbogbo ọ̀nà ìsìn tí ó wà láàrin àwọn Júù. Ó wo ọ̀nà àwọn Farisí, ti àwọn Sadusí àti ti àwọn Essene. Lẹ́yìn náà, ó lọ sí aginjù. Ó gbé ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bannus, tí ń wọ aṣọ tí ó ti ara igi wá, tí ó sì ń fi omi tútù wẹ ara rẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án àti lóru. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 19, ó padà sí Jerúsálẹ́mù, ó sì ń tẹ̀lé ọ̀nà àwọn Farisí.

Ní àkókò yìí, ilẹ̀ àwọn Júù wà lábẹ́ Róòmù. Felix, tí ó jẹ́ gómìnà, ti fi ẹ̀wọ̀n de àwọn àlùfáà kan, ó sì ti fi wọ́n ránṣẹ́ sí Késárì Nero ní Róòmù. Josephus gbọ́ pé ọ̀pọ̀tọ́ àti kóró èso igi nìkan ni wọ́n ń jẹ nínú ẹ̀wọ̀n, kí oúnjẹ àwọn kèfèrí má baà sọ wọ́n di aláìmọ́. Àlùfáà ni wọ́n nílé, wọ́n sì pinnu láti jẹ́ àlùfáà lẹ́wọ̀n. Josephus, tí ó ti pé ọmọ ọdún 26, gbéra láti lọ gbà wọ́n sílẹ̀.

Ọkọ̀ tí ó wọ̀ rì sínú òkun. Nǹkan bí 600 ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n lúwẹ̀ẹ́ ní gbogbo òru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ mìíràn kó nǹkan bí 80 nínú wọn, Josephus sì wà lára wọn. Nígbà tí ó gúnlẹ̀ sí Ítálì, ó bá òṣèré kan tí ó jẹ́ Júù ṣọ̀rẹ́, ẹni tí Késárì fẹ́ràn. Òṣèré náà mú un dé ọ̀dọ̀ Poppaea, ìyàwó Késárì. Obìnrin náà mú kí wọ́n tú àwọn àlùfáà náà sílẹ̀, ó sì fún Josephus ní ẹ̀bùn. Josephus padà sílé pẹ̀lú ayọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rí agbára Róòmù pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Ogun

Ní ọdún 66, àwọn Júù dìde sí Róòmù. Inú tẹ́ńpìlì ni àmì ìṣọ̀tẹ̀ náà ti fara hàn. Lójoojúmọ́ ni àwọn àlùfáà máa ń rúbọ fún àlàáfíà Késárì. Àwọn tí ń sìn ní tẹ́ńpìlì nígbà náà dá ẹbọ yìí dúró. Kò pẹ́ tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀.

Àwọn aṣíwájú ní Jerúsálẹ́mù rán Josephus àti àlùfáà méjì mìíràn lọ sí Gálílì láti ṣe àkóso ibẹ̀. Àwọn ará Gálílì mú ìdámẹ́wàá wá fún wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ àlùfáà. Àwọn méjì yòókù gba tiwọn, wọ́n sì kó owó púpọ̀ jọ. Josephus kọ ọ́ pé òun kò gba tòun.

Ní ọdún 67, ọ̀gágun Vespasian kó ogun Róòmù wọ Gálílì. Josephus àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá sínú ìlú olódi Jotapata. Wọ́n bá Róòmù jà fún ọjọ́ 47, lẹ́yìn náà ìlú náà ṣubú. Josephus sá pamọ́ sínú ihò àpáta, níbi tí ó ti bá 40 ènìyàn. Ó fẹ́ jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún àwọn ará Róòmù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Wọ́n ṣẹ́ kèké, wọ́n sì ń pa ara wọn ní ẹsẹẹsẹ bí kèké ti mú wọn. Nígbẹ̀yìn, ó ku Josephus àti ẹnìkan ṣoṣo. Ó bá ẹni náà sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì sì jáde láàyè. Ó kọ ọ́ pé bóyá oríire ni, bóyá ọwọ́ Ọlọ́run sì ni. Ọ̀pọ̀ Júù kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n pè é.

Nígbà tí wọ́n mú un dé iwájú Vespasian, Josephus sọ fún un pé òun àti ọmọ rẹ̀ yóò di Késárì. Bí ó ti ṣàlàyé rẹ̀, ipò àlùfáà ni ó fún un ní ìmọ̀ yìí: àlùfáà ni òun, ọmọ àlùfáà, òun sì mọ àsọtẹ́lẹ̀ inú àwọn ìwé mímọ́. Vespasian kò pa á, ṣùgbọ́n kò tú ẹ̀wọ̀n ọwọ́ rẹ̀. Ní ọdún 69, wọ́n fi Vespasian jẹ Késárì. Ó rántí ọ̀rọ̀ náà, ó sì ní kí wọ́n fi àáké gé ẹ̀wọ̀n Josephus.

Nígbà tí ó ṣì wà nínú ìdè ni ọ̀rọ̀ obìnrin tí ogun kó dé bá a. Vespasian pàṣẹ pé kí ó fẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú àwọn tí ogun kó ní Kesarea. Ẹrú kì í kọ ọ̀rọ̀ sí olówó rẹ̀ lẹ́nu. Àlùfáà tí ó mọ òfin, tí yóò sì kọ òfin náà sínú ìwé fún gbogbo ayé, fẹ́ obìnrin tí òfin kà léèwọ̀ fún un. Ó rántí láti kọ ọ́ pé wúńdíá ni obìnrin náà. Ìgbéyàwó náà kò pẹ́. Nígbà tí wọ́n tú Josephus sílẹ̀, obìnrin náà fi í sílẹ̀. Josephus tẹ̀lé Vespasian lọ sí Alẹkisáńdíríà, ó sì gbé ìyàwó mìíràn níbẹ̀.

Ọjọ́ iná

Ní ọdún 70, Titus, ọmọ Vespasian, dó ti Jerúsálẹ́mù. Josephus wà pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá àti ìyá rẹ̀ wà nínú ìlú. Àwọn ọlọ́tẹ̀ ti tì wọ́n mọ́lé. Josephus ń rìn yí odi ká, ó sì ń fi èdè àwọn ènìyàn rẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ ìlú. Èébú ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ní ọjọ́ kan, òkò bà á lórí, ó sì dákú. Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n pé ó ti kú, ìyá náà sì sunkún ọmọ rẹ̀ kí ó tó gbọ́ pé ó yè.

Ìyàn mú nínú ìlú. Ẹbọ ojoojúmọ́ tí àwọn àlùfáà ń rú dáwọ́ dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, iná ran tẹ́ńpìlì. Àwọn àlùfáà olókìkí méjì lè sá tọ àwọn ará Róòmù lọ, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ́ sínú iná. Àwọn mìíràn gun orí ògiri, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí ebi fi lé wọn sọ̀ kalẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún. Wọ́n bẹ Titus pé kí ó dá ẹ̀mí wọn sí. Titus dáhùn pé àkókò àánú ti kọjá, àti pé ó yẹ kí àlùfáà bá tẹ́ńpìlì rẹ̀ kú. Ó ní kí wọ́n pa wọ́n.

Josephus ni ó kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Òun náà jẹ́ àlùfáà. Òun náà wà níbẹ̀. Òun kò kú.

Lẹ́yìn tí ìlú ṣubú, Titus fún un láǹfààní láti mú ohun tí ó bá fẹ́. Ó béèrè òmìnira fún àwọn ènìyàn rẹ̀, Titus sì tún fún un ní àwọn ìwé mímọ́. Ó gba arákùnrin rẹ̀ àti 50 ọ̀rẹ́. Ó tún wọ inú tẹ́ńpìlì níbi tí wọ́n ti àwọn obìnrin àti ọmọdé mọ́, ó sì yọ nǹkan bí 190 tí ó mọ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, ó rí ojúlùmọ̀ rẹ̀ mẹ́ta lára àwọn tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú. Ó sunkún lọ bá Titus. Wọ́n sọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀. Méjì kú lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́jú wọn, ẹnìkan yè.

Iṣẹ́ tí ó kù

Josephus gbé ìyókù ayé rẹ̀ ní Róòmù. Vespasian fún un ní ibùgbé nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ti gbé rí. Ó sọ ọ́ di ọmọ ìlú Róòmù, ó sì ń fún un ní owó. Kò sí pẹpẹ mọ́, kò sí ẹbọ, kò sí ìpín tí yóò wọlé sìn ní ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ilé tí wọ́n ń kó ìwé ìlú pamọ́ sí ní Jerúsálẹ́mù ti jóná pẹ̀lú. Josephus mú kálàmù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Ó kọ́kọ́ kọ ìtàn ogun náà. Ní ọdún 93 tàbí 94, nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 56, ó parí ìtàn gbogbo àwọn Júù láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé, nínú ìwé 20. Nínú rẹ̀, ó to aṣọ olórí àlùfáà lẹ́sẹẹsẹ, àti agogo wúrà tí ń dún létí aṣọ náà, àti òkúta iyebíye 12 tí ó wà ní àyà rẹ̀. Ó sọ bí Róòmù ti gba aṣọ yìí pamọ́ fún ìgbà kan, tí olórí àlùfáà fi ní láti gbà á lọ́wọ́ wọn nígbà àjọ̀dún.

Ó ka iye àwọn olórí àlùfáà láti orí Áárónì dé ọjọ́ iná: 83 ni wọ́n. Àṣà àtijọ́ ni pé olórí àlùfáà ń wà lórí oyè títí ọjọ́ ikú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà Hẹ́rọ́dù ọba dé ọjọ́ iná, tí í ṣe ọdún 107, olórí àlùfáà 28 ni ó jẹ. Àwọn aláṣẹ ń yàn wọ́n, wọ́n sì ń yọ wọ́n bí ó ti wù wọ́n. Ẹni tí ó jẹ kẹ́yìn, Phannias, ará oko ni. Àwọn ọlọ́tẹ̀ fi kèké mú un, kò sì mọ ohun tí oyè náà jẹ́. Síbẹ̀, nínú ìdílé àlùfáà ni àwọn ọlọ́tẹ̀ pàápàá ti ṣẹ́ kèké wọn. Wọ́n ba oyè náà jẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè mú un jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó wà.

Josephus kọ ìyàwó tí ó fẹ́ ní Alẹkisáńdíríà sílẹ̀. Obìnrin náà ti bí ọmọ mẹ́ta fún un, ẹnìkan ṣoṣo ni ó yè. Hyrcanus ni Josephus sọ ọ́, orúkọ olórí àlùfáà tí wọ́n purọ́ mọ́ ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fẹ́ obìnrin Júù kan láti erékùṣù Kírétè, ó sì kọ ọ́ pé ọmọ àwọn òbí tí ó lọ́lá jù lọ ní ilẹ̀ náà ni. Ìyẹn bí Justus àti Simonides fún un.

Ó tún kọ ìwé nípa ayé ara rẹ̀. Ìran rẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀, bàbá sí ọmọ, bí ó ti rí i nínú ìwé ìlú. Níbẹ̀ náà ni ó ti kọ orúkọ àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́ta, àti ọdún tí a bí wọn. Ohun tí wọn ìbá kọ sínú ìwé ìran ní Jerúsálẹ́mù nìyẹn.

Títí di òní, àwọn ọmọ Áárónì wà láàrin àwọn Júù káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ́ Cohen, tí í ṣe àlùfáà ní èdè Hébérù. Wọn kì í rúbọ mọ́. Ṣùgbọ́n nínú sínágọ́gù, àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè síbi kíka ìwé òfin. Àwọn ni wọ́n ń gbé ọwọ́ sókè súre fún ìjọ. Àwọn tí ó di òfin mú nínú wọn kì í wọ itẹ́ òkú, wọn kì í sì í fẹ́ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kọ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Titus sọ fún àwọn tí ó pa kò ṣẹ.

Josephus ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Ilé Késárì ni ó ń gbé, orúkọ ìdílé Késárì ni ó ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé tí ó kọ lórí ogun, lẹ́yìn tí tẹ́ńpìlì ti di eérú, ó sọ ẹni tí òun jẹ́ fún àwọn òǹkàwé rẹ̀: Josephus ọmọ Mátíásì, Hébérù, ará Jerúsálẹ́mù, àlùfáà.